Ẹ Dá Ẹnu Padà Sára Ọwọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alábòójútó Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Rélùwéè

Ẹ̀yin alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, níbikíbi tí ẹ bá wà,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń sáré owó tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi epo pa irin kó má baà dípẹtà, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ láìgba owó kankan, kí ẹ lè wá ṣàlàyé fún àwa tí a ò mọ orí, tí a ò mọ ìdí. Lẹ́tà ìjà kọ́ nìyí. Àmọ́ ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àlejò ẹnu ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láìrí ẹni dá mi lóhùn. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba wàyí.

Ẹ ti ya ẹnu kúrò lára ọwọ́. Òun ni gbogbo ẹjọ́ mi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè tí mo ti wọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ṣe kì í sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ẹ óò kó wa lọ síwájú ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ lọ gbári, ẹ óò máa ka ìtàn rẹ̀ fún wa. Lọ́sàn-án ẹ óò tan iná sí òmíràn níta, ariwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnikejì ń wí. Ẹni tó wá láàárọ̀ á kó nọ́ńbà lọ sílé. Ẹni tó wá lọ́sàn-án á kó èéfín lọ sílé lára aṣọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí awakọ̀ àti adáná, ìyẹn ẹni tó ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, ń fi ọwọ́ wọn ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo wà níbi irú àlàyé àárọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa káàkiri múra dáadáa, ohùn rẹ̀ já gaara, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí: ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, bí àgbá irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó, ọdún tí wọ́n kàn án, ọdún tí wọ́n pa á tì, iye irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe. Odindi 40 ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí. Ọmọ kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ wá nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa ń dúró?” Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè yẹn dára gan-an, pé a máa tó dé ibẹ̀. A ò dé ibẹ̀. Ibi tí a dé ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ife tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ọmọ yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo ohun tí etí mi gbọ́ lọ́jọ́ náà. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Yíyọ̀ yẹn ni èrè rélùwéè, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fa ẹrù tí kò ṣeé fà lójú títì. Yíyọ̀ yẹn náà sì ni wàhálà rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1804, Richard Trevithick ti fi ẹ́ńjìnnì fa irin tọ́ọ̀nù 10 àti èèyàn bí 70 ní gúúsù Wales. Èyí ni pé a ti mọ bí wọ́n ṣe ń fà á láti ìgbà yẹn. Bí wọ́n á ṣe dá a dúró láìpa ẹnikẹ́ni ló gba ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1889, ọkọ̀ ojú irin kan tó kún fún èrò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó ń lọ ṣeré létí òkun, ń gun òkè kan nítòsí Armagh ní Ireland. Ẹ́ńjìnnì kò lè gun òkè náà tán. Wọ́n pinnu láti já ọkọ̀ náà sí méjì, kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ fa apá iwájú lọ, kó tó padà wá mú apá ẹ̀yìn. Bíréèkì ọkọ̀ yẹn, láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti ń gba agbára. Bí wọ́n ṣe já a, kò sí bíréèkì fún àwọn tó wà lẹ́yìn mọ́, àfi èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí nínú wágùnnù tó kẹ́yìn, àti òkúta tí wọ́n kì bọ abẹ́ àgbá irin. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbéra, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó kan àwọn wágùnnù ẹ̀yìn, òkúta rún. Ni wọ́n bá yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èèyàn bí 80 ló kú.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin múlẹ̀ lórí nǹkan mẹ́ta fún àwọn ojú irin tó ń gbé èrò: pé kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa wà ní abala ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan; pé kí sígínà so mọ́ ibi tí ojú irin ti ń pínyà, kí ọ̀kan má lè tako èkejì; pé kí bíréèkì ọkọ̀ èrò máa dì fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá já. Ọgbọ́n bíréèkì náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. George Westinghouse ti gba ìwé àṣẹ bíréèkì afẹ́fẹ́ ní 1869, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi yí i padà débi tó ya èèyàn lẹ́nu: afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù gígùn kì í tẹ bíréèkì, òun gan-an ni kì í jẹ́ kó tẹ. Bí páìpù bá já níbikíbi, afẹ́fẹ́ yẹn á tú jáde, èyí tó ti wà nípamọ́ nínú táǹkì abẹ́ wágùnnù kọ̀ọ̀kan á sì tẹ bíréèkì mọ́ àgbá irin lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó bá já sí méjì, méjèèjì á dúró.

Ṣé ẹ rí i pé àlàyé tí mo ṣe yìí, bí mo ti gbìyànjú tó, ó ṣì ń fẹ́ kí ẹ tún un kà? Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín. Ẹ ní bíréèkì. Ẹ ní rọ́bà páìpù rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, ẹ gbé àgbá irin méjì àti bíréèkì wọn kalẹ̀ lórí pèpéle, kí ẹ ní kí ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn wá fọwọ́ ara rẹ̀ já rọ́bà. Fùùùù! Gbà! Á fò sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá rọra sọ ọ̀rọ̀ Armagh fún un. Kò ní gbàgbé rẹ̀ títí tó fi máa di arúgbó, ẹ ò sì lo èédú kankan.

Èdè-àìyedè kan wà tí mo fẹ́ tètè yanjú. N kò bá ẹ́ńjìnnì tó ń jó iná jà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Lítà omi kan péré, bó bá di ooru, á gba àyè tó tó lítà 1,700 lẹ́nu ìgbà tí kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Ẹ wá ro bí ó ti ń jà nínú bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó, tí wọ́n dé pa. Ẹni tó bá gbọ́ ìmí ẹ̀rọ yẹn nítòsí mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ sí. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ gidi wà nínú ọ̀rọ̀ iná yìí, ẹ kì í fi hàn wá. Ẹ máa ń tan iná náà nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, díẹ̀díẹ̀, kí irin bọ́ílà lè gbóná pọ̀, kí apá kan má na ju apá kejì lọ kó sì sán. Nígbà tí àwa àlejò bá dé ní aago mẹ́wàá, ohun tó le ti tán, a ó kàn rí ẹ́ńjìnnì tó ń mí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jí. Ẹ gbà kí àlejò díẹ̀ wá bá yín ní ìdájí. Ẹ fún wọn ní àkísà kí wọ́n máa fi nu irin. Ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ má ṣe ohùn olùkọ́ sí i. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń wo ìgò omi ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ìdérí kékeré tí wọ́n rọ òjé sí nínú òrùlé ilé iná hàn wá: bí omi bá lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òjé á yọ́, ooru á já wọ inú iná, àwọn tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì á sì mọ̀ pé ewu ti dé. Irú nǹkan kékeré báyìí, tí kò tó ìka ẹsẹ̀ ńlá, ló máa ń dúró lọ́kàn mi ju àwọ̀ tí wọ́n kùn sára ẹ́ńjìnnì lọ.

Àti adáná! Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ adáná. Awakọ̀ ni wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ẹ kàn pákó pọ̀ bí ẹnu ilé iná, ẹ fi pákó tó ń mì tìtì ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ẹ kó ṣọ́bìrì àti pákó wẹ́wẹ́ tí ẹ kùn ní dúdú síbẹ̀, kí ẹ ní kí àgbàlagbà tó bá rò pé agbára lásán ni iṣẹ́ náà wá jù ú sí igun tí ẹ bá dárúkọ fún un. Kò ní kọjá èkejì kó tó mọ̀ pé ìwọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ yíyangàn sì tún wà níbẹ̀. Gbogbo olùfẹ́ rélùwéè ló mọ̀ pé ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1938, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Mallard sáré dé kìlómítà 203 ní wákàtí kan, tí ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń lo ooru omi kò sì tíì borí rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ti York ní England, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ń dán. Ẹnu àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń dúró sórí 203 yẹn. Ohun tó dùn nínú ìtàn náà wà lẹ́yìn rẹ̀: bẹ́ríìnì kan nínú rẹ̀, ìyẹn oríkèé tí irin ti ń yí, gbóná kọjá àlà nítorí eré yẹn, wọ́n sì ní láti dá a dúró ní Peterborough, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dé London. Èwo ni ọmọdé máa fẹ́ gbọ́ nínú méjèèjì? Nọ́ńbà ni, àbí pé akọni sáré títí tí orúnkún fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀? Ẹ má ṣe bo ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àlàyé yín. Níbi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni àwa tí a kì í ṣe ẹnjiníà ti ń rí ojú ọ̀nà wọlé.

Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé àbùkù nìkan ni ojú mi ń wá. Yàrá sígínà kékeré kan ni, wọ́n tún un kọ́ sínú gbọ̀ngàn, lefa gígùn, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n ń fà láti yí ojú irin àti sígínà, tò bẹẹrẹ sínú rẹ̀, wọ́n dán bí dígí. Bàbá àgbàlagbà kan wà nídìí wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń darí àlejò dúró tì í, kò sì sọ̀rọ̀ kankan fún wa. Ìbéèrè ló ń bi bàbá náà. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi aṣọ dì í mú?” Bàbá ní, “Òógùn ọwọ́ ni, ọmọ mi. Bí òógùn bá kan irin lónìí, á ti pupa lọ́la, èmi náà ni màá tún nù ún.” “Ẹ fa ìkejì yẹn ká rí i, Bàbá.” Bàbá fà á, kò lọ. Ó yíjú sí ọkùnrin fírígbọ̀n kan láàárín wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá arúgbó fà á.” Ọkùnrin náà tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Lefa kò mì. Bàbá wá fi ọwọ́ kan ti lefa mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pákọ̀! Ó ní, “Ẹ tún un fà.” Ó wá bí ẹni fa okùn.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tó fà á. Ojú irin ti ṣí sí apá kan, ọkùnrin náà sì ń gbìyànjú láti fún ọkọ̀ ní sígínà sí apá kejì. Àwọn irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ti há ara wọn mọ́ra, agbára èèyàn kò lè mú kí wọ́n purọ́. John Saxby ló gba ìwé àṣẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1856. Bàbá dárúkọ ọdún náà lẹ́ẹ̀kan péré, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dárúkọ ọ̀rẹ́ àtijọ́, mo sì rántí rẹ̀ títí dòní. Èmi tí n kò rántí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kankan nínú 40 ìṣẹ́jú ọjọ́sí.

Àwọn méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa: ọwọ́ tó dàgbà, àti ẹnu tó kéré tó sì mọ̀ ọ́n béèrè. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì kì í ṣe elédè. Bí ẹ bá fún wọn ní gbohùngbohùn, wọ́n á gbọ̀n, tàbí kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn nìkan mọ̀. Ọ̀dọ́ tí ẹ gbà síṣẹ́ mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àmọ́ kò fọwọ́ kan lefa rí. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ gba ìwé tó há sórí lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà, ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́wàá, kí ẹ sì gbà á láàyè láti béèrè ìkọkànlá tí ẹ ò kọ fún un. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ní kó dì í mú pẹ̀lú aṣọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwo irin.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n forí gbárí láàárín ọ̀nà? Ní 1878, Edward Tyer ṣe ẹ̀rọ méjì tí wáyà so pọ̀, ọ̀kan ní ibùdókọ̀ yìí, ọ̀kan ní ibùdókọ̀ tó kàn. Àwo irin róbótó wà nínú àwọn méjèèjì, wọ́n sì kọ orúkọ abala ọ̀nà náà sára àwo kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti jáde ní ìhín tàbí ní ọ̀hún, ẹ̀rọ méjèèjì á pa ẹnu dé, òmíràn kò ní jáde títí wọn yóò fi dá ìyẹn padà. Awakọ̀ tí àwo abala yẹn kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀. Ó rọrùn débi pé èèyàn á fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1921, ní ibùdókọ̀ Abermule ní Wales, ọkọ̀ kan dé, awakọ̀ rẹ̀ sì fi àwo abala tó ti rìn kọjá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, bó ti yẹ. Àwo náà bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, ẹnì kan rò pé ẹnì kejì ti ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe é. Àwo kan náà yẹn ni wọ́n dá padà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ó gbà á, kò ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ayára kan ti ń bọ̀ lódìkejì, àwo tó tọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀. Èèyàn 17 ló kú. Ẹ̀rọ Tyer kò ṣe àṣìṣe kankan lọ́jọ́ náà. Ó pa ẹnu dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Mo mọ ìtàn yìí kí n tó wọ àgọ́ irin kékeré kan níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni mélòó kan ti ń ṣe àṣefihàn àwo irin. Mo ti kà á, mo tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún èèyàn. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ ní kí n ṣe awakọ̀. Ó wé fìlà kan mọ́ mi lórí, ó ń bá mi ṣàwàdà, ẹlòmíràn ń fọn fèrè, ọmọdé ń pariwo pé ọkọ̀ ti pẹ́. Ẹnì kan na àwo sí mi nínú àpò awọ rẹ̀. Mo gbà á, mo sọ pé, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.” Obìnrin náà dákẹ́. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ sára ohun tó wà lọ́wọ́ yín?”

N kò wò ó. Èmi tí mo mọ ìtàn náà bí ẹní mowó.

Ẹ̀yin alábòójútó, kò sí ìwé, kò sí fídíò, kò sí ohùn inú fóònù tí wọ́n ń fi sétí tó lè ṣe ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣe sí mi. Títí di ìgbà yẹn, mo máa ń rò pé òmùgọ̀ ni awakọ̀ Abermule. Mo ti gbọ́n ju ìyẹn lọ báyìí. Iye tó ná wọn kò ju àwo irin méjì àti fìlà kan lọ.

Ó sì ku àwọn mìíràn tí kò ní ná yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé agogo méjì ka orí tábìlì méjì, ẹ fi aṣọ tàbí pákó dínà láàárín wọn, ẹ fún ènìyàn méjì ní èdè agogo tí àwọn atọ́nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn tó ń fún ọkọ̀ ní sígínà, ń lò: ìlù kan láti pe akíyèsí; mẹ́rin láti béèrè bóyá ọ̀nà ṣí fún ọkọ̀ èrò tó ń sáré; méjì bí ọkọ̀ bá ti wọ abala; mẹ́fà bí ewu bá dé. Ẹ wò ó bí tọkọtaya á ṣe máa jà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní York, wọ́n ní àwòṣe ojú irin ńlá kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn atọ́nà gidi níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì ń lò ó níwájú èèyàn, agogo ló ń sọ gbogbo ìtàn náà. Ẹ tún fún àlejò ní òòlù onígi gígùn kí ó fi kan àgbá irin tó pé àti èyí tó ti sán. Èyí tó pé á dún gbọnrangandan, èyí tó sán á fèsì bí ẹni tí òtútù mú. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ ayé àwọn kan ni, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lóru, wọ́n ń fetí wá ikú. Ẹni mélòó ló mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà?

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ wá ìjókòó fún àwọn arúgbó, ẹ fi ọmọdé síwájú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ rí lefa náà ní ojú tirẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn adití, nítorí iṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ ọwọ́, àsíá àti àtùpà. Mo gbọ́ ti ọ̀rọ̀ ewu àti ìbánigbófò. Gbogbo ohun tí mo dárúkọ lókè, yàtọ̀ sí iná ìdájí, kò lè ṣe èèyàn léṣe tó àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àkókò. Irin lè dúró dè yín. Bí ẹ bá fi epo pa á tí òjò kò sì pa á, á wà níbẹ̀ lẹ́yìn 100 ọdún. Ẹni tó mọ bí lefa ṣe máa ń yàtọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ òtútù sí ti ọjọ́ ooru, nítorí wáyà sígínà ń fà pọ̀ ó sì ń na, ẹni yẹn kò lè dúró dè yín. Ní Kyoto ní orílẹ̀-èdè Japan, wọ́n ní ilé ẹ́ńjìnnì olóbìírípo kan tí wọ́n kọ́ ní 1914, tí ojú irin 20 yí ká pèpéle tó ń yí. Láti 1972 ni wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn kò sì jẹ́ kí gbogbo ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kú. Àwọn kan ṣì ń rìn, àwọn tó ń tún wọn ṣe sì ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti di ara ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ńlá tí wọ́n ṣí ní 2016. Ẹ ò nílò owó Kyoto kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀ ní kékeré. Bí ẹ bá ní bàbá kan tó ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ti ní ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí mò ń béèrè rèé. Kí ìwé ìkéde yín má ṣe ya “àlàyé” àti “àṣefihàn” sọ́tọ̀ mọ́, kí wọ́n di nǹkan kan ní aago kan. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró nídìí ohun tó ń sọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí àlejò kan, ó kéré tán, fọwọ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ ní gbogbo ìgbà, níṣojú wa, ká lè rí i bó ṣe ń bàjẹ́.

N óò máa wá. Màá dúró lẹ́yìn bí mo ti máa ń ṣe, kí ọmọdé lè wà níwájú. Bí ẹ bá wá ẹni tó máa ṣe awakọ̀ tí ẹ kò rí, ẹ na àwo yín sí mi. N óò yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, n óò gbé awò ojú mi wọ̀, ẹ óò sì ní sùúrù díẹ̀ fún mi kí n tó sọ pé ó yá.

Èmi ni tiyín,
Àlejò tí ń kọ̀wé sínú ìwé ẹnu ọ̀nà